Èdè Ojú Kọ̀ǹpútà Níbi Iṣẹ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá jọ ru igi gbọọrọ kan, tí ọ̀kan wà níwájú tí èkejì sì wà lẹ́yìn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá dé ọjà. Bí ẹni iwájú bá yà sí ọ̀tún, tí ẹni ẹ̀yìn yà sí òsì, igi náà yóò bọ́ lulẹ̀, bóyá yóò tilẹ̀ ṣe wọ́n léṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ ọ́fíìsì rí láyé òde òní, pàápàá iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi kọ̀ǹpútà jọ ṣe láti ìlú kan sí èkejì.

Kọ̀ǹpútà kì í sọ èdè kan ṣoṣo. Ètò kan náà tí ó wà nínú rẹ̀, ìbáà ṣe èyí tí a fi ń kọ lẹ́tà tàbí èyí tí a fi ń ṣírò owó, lè fi ara hàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnì kan, ní èdè Faransé fún ẹlòmíràn, àti ní èdè Jámánì tàbí Potogí fún ẹni kẹta. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ojú rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Èyí ni a lè pè ní èdè ojú kọ̀ǹpútà: èdè tí a fi kọ orúkọ àwọn ohun tí a ń tẹ̀, àwọn ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń bi ènìyàn, àti àwọn ìkìlọ̀ tí ó ń gbé jáde nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé. Kì í ṣe èdè tí òṣìṣẹ́ fi ń kọ̀wé sínú ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì lè fi í kọ ìwé Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́, tòun ti àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí, òun ni ó sì fà á tí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni dáadáa, ó tó kí a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín Èkó àti Kútọnu. Ní ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe àdéhùn lórí ààlà ilẹ̀ wọn ní ìhà ibí yìí, tí wọ́n sì fi ìlà gba àárín àwọn ọmọ ìyá kọjá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ìlú àwọn ọmọ Kétu bákan náà sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ ti ń ka ìwé ní Faransé, tí ọmọ Ìmẹ̀kọ, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkó sì ń ka tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ilé, Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ.

Jẹ́ kí a sọ pé ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ń kó ọjà gba ààlà Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tí ó ní ọ́fíìsì ní Èkó àti ní Kútọnu. Obìnrin kan tí ó ti dàgbà díẹ̀ ni ó ń tọ́jú ìwé owó ní Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Kétu kan ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní Kútọnu. Èkó fi àkọsílẹ̀ ọjà ránṣẹ́ ní àárọ̀, ó sì yẹ kí Kútọnu tẹ̀ ẹ́ jáde kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbìyànjú títí, ìwé náà kò gba ojú ewé kan. Ó bá fóònù pe Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"O ṣé, àbúrò. Ṣé ìwé náà ti jáde?"

"Kò tí ì jáde, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń gé ara rẹ̀ sí méjì."

"Kò le. Dá ojú ìwé náà dùbúlẹ̀ ni. Lọ sí 'Page Layout'."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, èmi kò rí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó wà lókè níbẹ̀. Wò ó dáadáa."

"Ohun tí èmi ń rí ni 'Accueil', 'Insertion', 'Mise en page'..."

"Kí ni o ń kà yìí?"

Níkẹyìn, wọ́n bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí ó jọra ní èdè méjèèjì, èyíinì ni "Orientation", inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò tẹ "Landscape", kò sí ohun tí ó jọ ọ́ níwájú rẹ̀. "Paysage" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí kò yẹ kí ó gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ ti wá gba ìdajì wákàtí, ọkọ̀ sì ń dúró. Ìyanu ibẹ̀ ni pé kì í ṣe pé àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Èdè kan náà ni wọ́n mu pẹ̀lú ọmú. Ohun tí wọ́n ń wò ni kò jọra.

Bí ó bá jẹ́ lórí títẹ ìwé jáde nìkan ni, ènìyàn lè fi ẹ̀rín pa á. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ètò ìṣirò Excel, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò. Nínú rẹ̀, àṣẹ tí a fi ń ro iye owó pọ̀ ń jẹ́ SUM ní Gẹ̀ẹ́sì. SOMME ni ó ń jẹ́ ní Faransé, SUMME sì ni ní Jámánì. Èyí tí a fi ń wá orúkọ ọjà nínú àkójọ gígùn ń jẹ́ VLOOKUP ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó di RECHERCHEV ní Faransé, ó sì di SVERWEIS ní Jámánì. Nígbà tí a bá fi fáìlì ránṣẹ́ láti Èkó sí Kútọnu, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń yí àwọn orúkọ àṣẹ wọ̀nyí padà, kò sì sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bá ka àṣẹ náà lórí fóònù, tí àbúrò sì tẹ SUM bí ó ti gbọ́ ọ, ẹ̀rọ Kútọnu yóò dá a lóhùn pé òun kò mọ orúkọ náà. Bákan náà, bí ẹnì kan bá pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ kọ ọjọ́ jáde, tí ó sì fi "yyyy" dúró fún ọdún, irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í yí padà bí ó ti ń kọjá ààlà, nítorí pé "aaaa" ni ẹ̀rọ tí a ṣètò bíi ti Faransé ń retí, láti inú ọ̀rọ̀ "année". Ẹ̀rọ tí ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ yẹn náà ní ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn wà káàkiri fi ń ní kí gbogbo ènìyàn fi ojú kọ̀ǹpútà wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ẹ̀tọ́. Ìdí tí wọ́n fi ní ẹ̀tọ́ kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì dára ju èdè mìíràn lọ, tàbí pé ẹni tí ó gbọ́ ọ gbọ́n ju ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ìdí náà ni pé níbi iṣẹ́, èdè ojú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìrànlọ́wọ́ lè gbà wọlé. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Èdè wo ni onítọ̀hún fi kọ́ṣẹ́? Ìwé ìlànà wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní Nàìjíríà, bóyá ní Èkó ni tàbí ní Kánò tàbí ní Ẹnúgù, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá sì fi ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ẹ̀rọ wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí i pé nǹkan bí ìdajì ohun tí a kọ síbẹ̀ ni ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìkìlọ̀ tí a bá dà kọ ní Gẹ̀ẹ́sì a máa bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdé tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí.

(Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun kan níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ ni ó máa ń gbé nọ́ńbà kan lọ́wọ́. Nọ́ńbà náà kì í yí padà nítorí èdè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kò bá yé, kí ó da nọ́ńbà kọ, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó mọ̀. A ti fi èyí gba ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ òfò.)

Bí ó bá jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ ni a ń tẹ̀ lé, a jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Gẹ̀ẹ́sì yóò borí. Bí olú ilé-iṣẹ́ bá wà ní Kútọnu, tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Lomé àti Dakar, tí ẹnì kan ṣoṣo sì jókòó ní Èkó, ẹni Èkó ni ó yẹ kí ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí Faransé kí ó sì kọ́ ọ. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá iyì ni, kò wá iṣẹ́.

Nígbà náà ni ẹni tí ó fẹ́ràn èdè rẹ̀ yóò béèrè pé Yorùbá ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbọ́n ní Èkó àti àbúrò láti Kétu kò lè fi ojú kọ̀ǹpútà wọn sí Yorùbá, kí wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé? Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní ìhà yìí. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Windows 7, èyí tí ó jáde ní ọdún 2009. Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, pọ̀ mọ́ Haúsá àti Ìgbò. Ṣùgbọ́n irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kì í bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ènìyàn yóò máa ka Yorùbá lọ ní gbangba, bí ó bá wọ inú yàrá kejì, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò bá níbẹ̀. Lọ́nà kejì, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi túmọ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí kò tí ì di ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ fún àbúrò pé kí ó "fi pamọ́", àbúrò lè rò pé kí òun gbé fáìlì náà sá fún àwọn ènìyàn ni.

Ẹ̀bi èyí kò sí lára èdè Yorùbá. Èdè tí ó ní orúkọ fún gbogbo ewé inú igbó àti gbogbo ìlù inú ọjà kò lè ṣàìní orúkọ fún bọ́tìnnì. Ìlò ni kò tí ì pọ̀ tó. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá sọ ọ́ ní ìpín 55 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ yóò fi máa ṣe iṣẹ́, àti Haúsá, Ìgbò pẹ̀lú Yorùbá, nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó tó fún wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú "nígbà tí a bá ti ṣe ètò." Àyè ti wà nílẹ̀, àwọn tí yóò tẹ́ ẹní sí i ni a ń retí. Fóònù inú àpò kì í ṣe ti ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi tirẹ̀ sí Yorùbá níbi tí ó bá ti ṣe é ṣe, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ara wọn, ń ṣe ìpín tirẹ̀ nínú ètò náà ju ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kígbe pé Yorùbá ń kú lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tí ń pàṣẹ Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Kí á fi èdè kan sí ojú kọ̀ǹpútà kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ gbọ́ èdè náà. Ilẹ̀ Faransé ni ibi tí a ti rí èyí pẹ̀lú omijé. Ní ìlú Épinal, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ilé ìwòsàn kan wà tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán alágbára wo àrùn jẹjẹrẹ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2004 títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2005, àwọn aláìsàn tí ó lé ní ogún gba ìtànṣán tí ó pọ̀ ju èyí tí ó yẹ kí wọ́n gbà lọ. Wọ́n ti yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń darí ìtànṣán padà níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣírò rẹ̀ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ìwé ìlànà ní Faransé fún àwọn tí ń lò ó. Àwọn kan nínú wọn yan ohun tí kò yẹ ní ojú ẹ̀rọ, wọn kò mọ̀ pé àwọn ṣì í yàn, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lára àwọn aláìsàn náà kú. Àwọn mìíràn sì wà láàyè pẹ̀lú ọgbẹ́ inú tí kò sàn bọ̀rọ̀. Èdè nìkan kọ́ ni ó fa ìjàǹbá yìí. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ gbà kò tó, àyẹ̀wò tí ó yẹ kí ó tú àṣìṣe fó kò sì sí bí ó ti yẹ. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó bá lóye ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ a máa ní àǹfààní àti dúró kí ó sì bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni mo fẹ́ tẹ̀ yìí?" Wọ́n ti gba àǹfààní yẹn lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní Épinal.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Faransé kò ní òfin lórí rẹ̀. Òfin ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1994, tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ mínísítà Jacques Toubon pè, wí pé ìwé tí òṣìṣẹ́ nílò láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní èdè Faransé. Ní ọdún 2006, ilé ẹjọ́ kan ní Versailles dá ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ ìwòsàn lẹ́bi nítorí pé ó ń fi ìwé àti ètò kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà san tó 580,000 yúrò. Àwọn ọ̀gá kan fi ẹjọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àwọn Faransé fẹ́ràn èdè wọn jù. Wọn kò rò ó dáadáa. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn béèrè ni pé kí iṣẹ́ tí a fi rán àwọn yé àwọn.

Ilẹ̀ Japan náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ni. Ní ọdún 2010, Hiroshi Mikitani, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Rakuten tí ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ òun yóò máa fi ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Japan ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ó fún wọn ní ọdún méjì. Orúkọ oúnjẹ tí wọ́n kọ sí ilé ìjẹun wọn pàápàá di Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá yege ìdánwò lè pàdánù ipò rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Honda ìgbà náà bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ náà, ó ní kò mọ́gbọ́n wá fún ilé-iṣẹ́ Japan tí ó wà ní Japan. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí níbẹ̀ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ Rakuten ni ó ń fi owó ara rẹ̀ àti àkókò ara rẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Nígbà tí ọ̀gá rí i pé ọ̀pọ̀ kò lè yege lọ́nà bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sanwó ẹ̀kọ́, ó sì yọ̀ǹda àkókò iṣẹ́ fún un. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń lójú. Bí ọdún 2012 ti dé ìdajì, ètò náà di àṣẹ. Honda fúnra rẹ̀ sọ ní ọdún 2015 pé òun náà yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè tí àwọn ẹ̀ka òun káàkiri àgbáyé yóò fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó pàṣẹ ni ó yẹ kí ó kọ́ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó olùkọ́ kò yẹ kí ó pàṣẹ èdè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kútọnu. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ń kó ọjà yìí bá pinnu pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò máa fi ara hàn, kí ni yóò ṣe fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Kétu? Yíyí i padà kò ṣòro. Nínú Windows, a ó wọ inú "Settings", a ó lọ sí ibi àkókò àti èdè, a ó yan Gẹ̀ẹ́sì, a ó jáde, a ó sì tún wọlé. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí a tà pẹ̀lú èdè kan ṣoṣo tí kò ṣe é yí. Kí ilé-iṣẹ́ béèrè èyí kí ó tó rà wọ́n.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni ti nọ́ńbà àti ọjọ́. Èdè ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kọ iye owó àti ọjọ́ jẹ́ èkejì, ibòmíràn ni a sì ti ń yàn án. Ní Èkó, 1,500 ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ní ọ̀nà ti Faransé, kọ́mà ni ó ń ya odidi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá, nítorí náà 1,500 kan náà jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì fi ọwọ́ kan ti nọ́ńbà, yóò máa ka Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n Faransé ni ẹ̀rọ yóò máa fi ka owó. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ àpò sìmẹ́ǹtì lè di àpò kan àti ààbọ̀ lórí ìwé. Bí ó bá sì yan Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà fún ti ọjọ́, 03/04 tí í ṣe ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ní Èkó àti ní Kútọnu yóò di ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Ọ̀gá tí ó bá kàn fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé "kí gbogbo ènìyàn lo Gẹ̀ẹ́sì" láìsọ èyí ti dá wàhálà sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́. Kí wọ́n má ṣe fi ọ̀dọ́mọkùnrin náà sílẹ̀ níwájú ojú kọ̀ǹpútà tuntun ní ọjọ́ tí ọkọ̀ márùn-ún fẹ́ gbéra. Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kò pọ̀ ni kí wọ́n mú. Kí ẹ̀gbọ́n láti Èkó wá jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Èdè wo ni kí ó fi kọ́ ọ? Yorùbá ni, láìsí àní-àní. Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n òye ohun tí ó ń ṣe gbọ́dọ̀ wọlé ní èdè tí ó tètè ń yé ènìyàn. Àwọn ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n ti ń bá òṣìṣẹ́ wí nítorí pé ó fi Yorùbá béèrè ohun tí kò yé e lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ìwà ọ̀bọ ni. Ẹni tí a bá dójú tì nígbà tí ó béèrè kò ní béèrè mọ́. Yóò máa tẹ ohun tí kò mọ̀, bí àwọn ti Épinal ti ṣe.

Kí ẹ̀gbọ́n náà sì mú bébà kan, kí ó fa ìlà sí i láàárín. Ní apá òsì, kí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lójú ẹ̀rọ, ogún péré, àwọn tí iṣẹ́ wọn ń lò lójoojúmọ́. Ní apá ọ̀tún, kí ó kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní Yorùbá, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nìkan: pé "Save As" ń ṣe ẹ̀dà mìíràn tí èyí àkọ́kọ́ yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, pé "Sort" ń to àwọn orúkọ, àti pé bí a kò bá kó gbogbo ìlà pọ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, orúkọ ọjà kan lè bọ́ síwájú iye owó ọjà mìíràn. Kí wọ́n lẹ bébà náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò ti máa bá a pàdé, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kún un.